Dúró De Ẹni Tí O Rán Kí O Tó Ká Páànù

Ìlọ́bù, lẹ́yìn ìrun àsárì

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́. O kú wàhálà Èkó. Mo rí kóòdù tí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo sì ti kà á tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní láti sọ lẹ́tà ojú ẹ̀rọ di gàdàgbà kí n tó rí nǹkan kan. Ojú bàbá rẹ ti ń rẹ̀, ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ó yẹ kí inú mi máa dùn pé ọmọ tí mo jókòó tì, tí mo kọ́ ní kóòdù kíkọ, nídìí kọ̀ǹpútà àlòkù nínú yàrá wa l'Óṣogbo ni wọ́n fi ọkàn ẹ̀rọ lé lọ́wọ́ lónìí. Inú mi ò dùn. N ò ní purọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí o ti sọ fún mi pé ọ̀gá rẹ fẹ́ kí o yọ ìlà tó ń dúró kúrò nínú kóòdù yẹn, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́.

O bi mí lórí fóònù pé, "Bàbá mi, ṣé ẹ̀yin náà rò pé ó léwu tó bẹ́ẹ̀? A dán an wò títí, kò sóhun tó ṣe." Mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, o sì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. O ń pariwo "Hẹ́lò, hẹ́lò." Mo ń gbọ́ ọ. Bírò ni mo ń wá, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ kí káàdì tó tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ bó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ pé arúgbó yìí kò tíì gọ̀ tán. Ẹ̀rọ kan ni ẹ ń ṣe, tí yóò máa wà ní ilé ìwòsàn, tí yóò máa ka èémí àwọn aláìsàn lórí ibùsùn wọn, tí yóò sì figbe ta bí èémí ẹnì kan bá ń lọ sílẹ̀. Nínú ọkàn ẹ̀rọ náà, tí ẹ̀yin ń pè ní kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ìtò kan wà. Ibùsùn kọ̀ọ̀kan wà nínú ìtò yìí, ibùsùn kọ̀ọ̀kan sì mọ kìkì èyí tó tẹ̀lé e. Àwọn ẹ̀ka kóòdù tó ń ka èémí ń rìn lórí ìtò náà láti orí dé ìdí, wọ́n ń rìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í sì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn, nítorí èémí kì í dúró de ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Ìwọ lo kọ àfikún tó ń ṣe ìtọ́jú ìtò yẹn. Wọ́n lè ki àfikún rẹ bọ ọkàn ẹ̀rọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì lè fà á yọ láìpa ẹ̀rọ. Ibi fífà á yọ yẹn ni ìjà wà.

O rántí ẹran Iléyá àwọn ará ilé ìyá rẹ. Láti Ìfọ́n ni abọ́ ẹran ti ń gbéra, á gba ọ̀nà oko, á wọ Ìlọ́bù, á máa lọ láti ilé dé ilé títí dé ọ̀dọ̀ àna tó kẹ́yìn. Ẹni tó gbé abọ́ kì í mọ gbogbo ilé náà. Ilé tó kàn nìkan ló mọ̀. Á wọlé, á kúnlẹ̀ kí wọn, wọn á mú tiwọn nínú abọ́, wọn á wá tọ́ka: "Ẹ kọjá sílé ìyá aláṣọ, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí." Abọ́ bíi mélòó kan lè wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó ń ní kí ẹnì kejì dúró kí òun kọjá ná. Bí ẹran ṣe ń dé kó tó tutù nìyẹn.

Bí ìdílé kan bá wá fẹ́ kó kúrò nínú àwọn ilé yẹn, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún ilé tó ṣáájú wọn pé kó máa tọ́ka ilé tó wà lẹ́yìn wọn. Láti ìgbà náà, kò sí abọ́ tuntun tí yóò yà sọ́dọ̀ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn. Ẹnì kan lè ti kúrò nílé tó ṣáájú kí ọ̀rọ̀ náà tó débẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ń bọ̀, orúkọ wọn ló wà lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á fi ẹnì kan sílẹ̀ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé tó ti ṣófo, kó máa tọ́ka ilé tó kàn fún ẹni tó bá ṣì dé. Ìgbà tí gbogbo abọ́ tó ti wà lójú ọ̀nà bá kọjá tán ni yóò tó gbé àga rẹ̀.

O ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, mo mọ̀. O ní bàbá mi tún ti gbé ọ̀rọ̀ ẹran dé. Rẹ́rìn-ín tán kí o fetí sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹni tó ń rìn lórí ìtò. Má ṣe jẹ́ kó sùn síbẹ̀, ìyẹn ni pé kó má dáwọ́ dúró láti retí nǹkan mìíràn. Kó wọlé, kó ka ohun tó fẹ́ kà, kó jáde. Mo rí ibì kan nínú kóòdù rẹ, níbi tí o ti ń kọ ìròyìn sínú fáìlì nígbà tí o ṣì wà láàárín ìtò. Gbé ìyẹn jáde. Kíkọ nǹkan sínú fáìlì lè mú un sùn, bí ẹnì kan bá sì sùn sínú ilé, ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kò ní lè dìde láéláé. Tún wò ó: má jẹ́ kó mú ohun tó rí nínú ilé jáde bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Tó bá ti jáde, kò mọ bóyá wọ́n ti wó ilé náà. Bó bá nílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó gbà á lọ́wọ́ onílé bó ṣe yẹ, kí onílé mọ̀ pé ohun òun wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ẹni tó ń yọ ibùsùn kúrò ńkọ́? Níbẹ̀ o ṣe dáadáa, mo sì pàtẹ́wọ́ fún ọ, èmi nìkan nínú yàrá. O jẹ́ kí ibùsùn tí wọ́n yọ ṣì mọ èyí tó tẹ̀lé e, kí ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ lè rí ọ̀nà jáde. O tún fi kọ́kọ́rọ́ sí àárín àwọn tó ń tún ìtò tò, torí àwọn tó ń rìn ni kò nílò kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe àwọn tó ń kó kúrò nílé. Ìdílé méjì tó fara ti ara wọn kò gbọdọ̀ kó lẹ́ẹ̀kan náà láìsọ fún ara wọn. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀kan á tọ́ka ilé èkejì tí kò sí mọ́, ẹran á sì ṣègbé.

Ohun tó kù nìkan ni mo ń bá ọ jà lé lórí, n ò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ láìsọ̀rọ̀ ìyá rẹ.

O mọ̀ pé ìyá rẹ fi mí sílẹ̀. O mọ̀ pé mo kó kúrò nílé kó tó dé. Bí nǹkan ṣe tẹ̀léra lọ́jọ́ yẹn ni o ò mọ̀, torí pé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ n'Íbàdàn lo wà nígbà náà, kò sì sí èyí tó fẹ́ sọ ọ́ fún ọ nínú èmi àti ìyá rẹ. Ìtẹ̀léra yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n tún gbóná lásìkò náà. N ò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ilé mi, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àna mi, ó ti sú mi. Ilé wa wà létí ìlú, ní ọ̀nà oko, àwọn aládùúgbò sì ti ń kó lọ. Ọjọ́ kejì Iléyá ni. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ká máa lọ s'Óṣogbo. Ó ní òun ò lè lọ kí òun fi ìyá òun sílẹ̀ ní Ìfọ́n. Mo ní, "Ó dáa, lọ bi wọ́n bóyá wọ́n á bá wa lọ. Tètè dé." Èmi ni mo rán an. Ó wé gèlè rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà oko lọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Mo lọ sọ fún ilé tó ṣáájú wa pé kí wọ́n yéé tọ́ka wa. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo dúró de àwọn abọ́ ẹran tó ṣì wà lójú ọ̀nà, torí pé ẹran kì í tán lọ́jọ́ kan. Wọ́n dé, mo tọ́ka ilé tó kàn fún wọn, wọ́n kọjá. Nígbà tó dá mi lójú pé kò sí abọ́ kankan mọ́, mo gun òkè, mo ká páànù. Tuntun ni páànù yẹn, n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí i. Mo rò pé mo gbọ́n.

Awakọ̀ tó fẹ́ kó wa ti ń fọn fèrè. Ó ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, bí ẹ ò bá gbéra báyìí, èmi ń lọ ní tèmi o. Wọ́n máa dí ọ̀nà."

Mo ní, "Ìyàwó mi ò tíì dé."

"Ṣebí ìyàwó yín mọ Òṣogbo? Ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un, á wá bá yín."

Mo rò ó, ó sì bọ́gbọ́n mu lójú mi. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ti kọjá tán. Ìyàwó mi kì í ṣe ẹni tó ń kọjá, ará ilé ni. Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò, mo gun ọkọ̀. N ò mọ̀ pé aládùúgbò náà yóò kó lọ kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀. Fóònù ò sì lọ.

Ìgbà tí ọ̀nà rọ̀ ni mo tó lè dé Ìfọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá àgbà, wọ́n dáhùn, wọ́n ní kí wọ́n fún mi lómi. Ìyá rẹ jáde, ó kúnlẹ̀, ó kí mi bí ẹni ń kí àlejò tó ṣìnà. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Àṣàkẹ́." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé awakọ̀, mo ṣàlàyé aládùúgbò, mo ṣàlàyé fóònù. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ẹ rán mi níṣẹ́, ẹ ò dúró gbèsì."

Mo ní, "Kí ni èsì náà?"

"Ìyá mi gbà. Wọ́n ní àwọn á bá wa lọ. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà pẹ̀lú ẹrù wọn lórí. Ẹnu ọ̀nà yín la jókòó sí, oòrùn ń pa wá, kò sí páànù. Ìyá mi ń bi mí pé, 'Ṣé ilé rẹ nìyí?'"

Kò padà sọ́dọ̀ mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn. O mọ ìyókù, torí ìwọ lo jìyà rẹ̀ jù: o ń lọ sí Ìfọ́n lọ́jọ́ Sátidé, o ń padà wá s'Óṣogbo lọ́jọ́ Àìkú, o ń kó aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ káàkiri nínú àpò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo rán àwọn àgbààgbà sí i. Kò bínú sí mi, ìyẹn ló burú jù. Ó kàn ń kí mi dáadáa ni.

Wàyí o, Àṣàkẹ́, wo ìlà tí ọ̀gá rẹ fẹ́ kí o yọ. Bí wọ́n bá yọ ibùsùn kan kúrò nínú ìtò, àfikún rẹ kì í nu ún nù lójú ẹsẹ̀. Ó ń fi iṣẹ́ rán ọkàn ẹ̀rọ pé, "Nígbà tí gbogbo ẹni tó ń rìn bá ti kọjá, padà wá pè mí kí n wá nu ibùsùn yìí nù." Iṣẹ́ tí o rán nìyẹn. Yóò padà, kóòdù tìrẹ gan-an ni yóò sì padà sí. Bí wọ́n bá fa àfikún rẹ yọ kí iṣẹ́ náà tó dé, ibi tó ń padà sí kò sí mọ́. Ọkàn ẹ̀rọ á tẹsẹ̀ bọ òfìfo, gbogbo ẹ̀rọ á dákú, gbogbo ibùsùn tó so mọ́ ọn á dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lásìkò náà kò ní rí ẹni figbe ta fún un.

Ọ̀gá rẹ ní o ti dúró de àwọn tó ń rìn, pé ó tó. Kò tó. Èmi náà dúró de àwọn tó ń rìn. Mo jókòó dè wọ́n lórí àga. Ẹni tí mo fúnra mi rán ni n ò kà mọ́ wọn. Ọ̀tọ̀ ni ká dúró kí àwọn tó ń kọjá kọjá tán, ọ̀tọ̀ ni ká dúró kí gbogbo iṣẹ́ tí a rán padà délé. Kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rírán iṣẹ́ tuntun. Lẹ́yìn náà, dúró títí gbogbo èyí tí o ti rán yóò fi padà, ìkẹyìn pẹ̀lú. Ìgbà náà ni kí o tó gbà kí wọ́n fà ọ́ yọ. Má ṣe yí i padà.

Ó ní ẹ dán an wò, kò sóhun tó ṣe. Kò lè ṣe nǹkan kan lórí tábìlì yín, níbi tí kò ti sí aláìsàn, tí iṣẹ́ ń lọ tó ń bọ̀ wéré. Lọ́jọ́ mìíràn, bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbéra, ìyá rẹ ì bá ti dé kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì sínú ọkọ̀, à bá sì jọ rẹ́rìn-ín lọ s'Óṣogbo. Ọjọ́ tí ọ̀nà gùn ni àṣìṣe yìí máa ń fojú hàn, ọjọ́ yẹn ni gbogbo nǹkan mìíràn sì máa ń dojú rú.

Sọ fún ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Pè é ní sà, má gbójú sí i. Bó bá kọ̀, sọ fún un pé ìwọ ò ní fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ, máa bọ̀ nílé, a ó jọ jẹ ohun tó bá wà. N ò ní tàn ọ́ jẹ pé wọ́n á gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí o kúrò níbẹ̀ lónìí, kí wọ́n fi ẹlòmíì sí ipò rẹ lọ́la, kí onítọ̀hún yọ ìlà náà kó tó mu tíì rẹ̀ tán. N ò ní ìrètí púpọ̀ nínú ayé yìí mọ́ lórí ọ̀rọ̀ dídúró. Gbogbo èèyàn ló ń kánjú, awakọ̀ kan sì wà nídìí gbogbo ilé tó ń fọn fèrè. Mo kàn fẹ́ kó má jẹ́ ọwọ́ ọmọ mi ni wọ́n fi ṣe é.

Ọyẹ́ tó kọjá ni ìyá rẹ kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. O rí mi níbi ìsìnkú rẹ̀ ní Ìfọ́n, o rí i pé n ò sunkún, inú sì bí ọ sí mi díẹ̀. N ò lè sunkún ni. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun kan wà lọ́kàn mi tí n ò sọ fún ẹnikẹ́ni: mo rò pé ìrìn rẹ̀ ló gùn, pé yóò ṣì padà mú èsì náà wá fún mi lọ́nà míì, kí èmi náà lè gbé àga mi. Ní báyìí, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo rán kò ní padà. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ, o mọ ohun tí ẹni tó ń dúró máa ń ṣe. Kì í lọ, kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ó kàn máa ń dúró ni.

Bí o bá ń bọ̀ wá ṣe Iléyá, má ṣe lọ tààrà sí ilé Òṣogbo, n ò ní sí níbẹ̀. Yà sí Ìlọ́bù, sí ilé wa àtijọ́ létí ọ̀nà oko. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ògiri rẹ̀ ṣì dúró, koríko ti hù nínú yàrá. Mo mú páànù méjì wá nínú àwọn tí mo ká lọ́jọ́ yẹn, mo kàn wọ́n padà sórí ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n bò. Ibòòji rẹ̀ gba ènìyàn méjì.

Èmi ni bàbá rẹ, lórí àga.